Ẹni Tí A Dá Lọ́wọ́ Dúró, Ibo Ni Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀ Padà?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo wa ń bá pàdé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí: bí ènìyàn ṣe lè pọkàn pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí onírúurú nǹkan ń dá a lọ́wọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin wa kan ń ránṣọ ní Ibafo, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Oníbàárà kan gbé léèsì wá fún un, aṣọ tí yóò wọ̀ níbi yìgì ọmọ rẹ̀ obìnrin. Aṣọ náà kò pọ̀ tó èyí tí a lè ṣẹ́ po kí a gé apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Arábìnrin wa ní láti gé apá kan tán, kí ó yí bébà tí ó fi ń wọ̀n ọ́n padà, kí ó tó gé èkejì. Ó gé ti òsì. Bí ó ti fẹ́ yí bébà padà ni aládùúgbò kan yọjú láti béèrè bóyá iná ti dé ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó dáhùn, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó padà sí orí tábìlì, ó rò pé òun ti yí bébà padà, ó sì ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Nígbà tí ó gbé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, apá òsì méjì ni. Léèsì ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Kò ṣeé dojú dé.

Ó wá irú aṣọ náà dé ọjà ní Èkó, kò rí àwọ̀ tí ó bá a mu. Ó san owó aṣọ. Ìyá ìyàwó dárí jì í, ṣùgbọ́n aṣọ mìíràn ni ó wọ̀ lọ síbi yìgì ọmọ rẹ̀. Arábìnrin wa sọ fún wa pé kì í ṣe owó ni ó dun òun jù. Ohun tí ó dùn ún ni pé kò rí ohun tí yóò dì ẹ̀bi rù. Aládùúgbò tí ó kí i kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le fún un, ó ti gé irú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò sì tòògbé. Ibo wá ni àṣìṣe náà gbà wọlé?

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn.

KÍ NI Ó SỌNÙ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ẹnì kan bá dá wa lọ́wọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan náà ni a pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí a fi dúró kọ́ ni òfò tí ó tóbi jù. Ìpadà ni òfò wà. Nígbà tí a bá padà sẹ́nu iṣẹ́, a ní láti mọ ibi tí a dé, ohun tí a ti ṣe, àti ohun tí ó kàn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Erik Altmann, Gregory Trafton àti Zachary Hambrick, tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn létòlétò. Láàárín iṣẹ́ náà ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ kékeré mìíràn dá wọn lọ́wọ́ dúró lójijì. Nígbà tí ìdálọ́wọ́dúró náà gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 2.8 péré, àṣìṣe nínú títò ìgbésẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ó gba ìṣẹ́jú àáyá 4.4, àṣìṣe di ìlọ́po mẹ́ta. Iṣẹ́ náà kò le sí i rárá. Àwọn ènìyàn náà kàn ń gbàgbé ibi tí wọ́n dé ni. Wọ́n ń fo ìgbésẹ̀ kan, tàbí kí wọ́n tún èyí tí wọ́n ti ṣe ṣe. Bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ti rí nìyẹn. Ó fo ìgbésẹ̀ kan, ìyẹn yíyí bébà padà.

Ní ọdún 2009, onímọ̀ mìíràn, Sophie Leroy, fi hàn pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí tí a bọ́ sórí òmíràn, apá kan nínú ọkàn wa ṣì máa ń wà lórí èyí tí a fi sílẹ̀. Ara ti lọ, ọkàn kò tíì lọ. Gloria Mark àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì rí i ní ọdún 2008 pé àwọn tí a ń dá lọ́wọ́ dúró léraléra lè tètè parí iṣẹ́, nítorí pé wọ́n ń sáré láti gba àkókò wọn padà, ṣùgbọ́n ara ni wọ́n ń ná. Ìnira, ìkánjú àti ìbínú wọn pọ̀ ju ti àwọn tí a kò dá lọ́wọ́ dúró lọ. Ẹ ò rí i pé èyí ni ó ń mú kí ẹlòmíràn dé ilé lálẹ́, kí ó máa jágbe mọ́ ìyàwó tàbí ọmọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí ó bí òun nínú.

NÍBI TÍ Ó TI DI Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀MÍ

Léèsì ṣeé san. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà Málíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, tilẹ̀ ka oníṣẹ́ ọwọ́ sí onígbọ̀wọ́ ohun oníbàárà tí ó gbà sọ́wọ́. Àmáánà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí àṣìṣe rẹ̀ kò ṣeé san.

Ní ọdún 2010, Johanna Westbrook àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde láti ilé ìwòsàn méjì ní ìlú Sydney, ní orílẹ̀-èdè Australia. Wọ́n dúró ti nọ́ọ̀sì 98 bí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn, ìgbà 4,271 lápapọ̀. Wọ́n rí i pé gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá dá nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ewu àṣìṣe ń lé sí i ní nǹkan bíi ìdá 12 nínú 100. Bí ìdálọ́wọ́dúró bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tí ó lè ṣe aláìsàn ní ìjàǹbá ń pọ̀ sí i.

Ẹ tún wo ti ọkọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ òfurufú Eastern Air Lines kan já lulẹ̀ nítòsí ìlú Charlotte ní Amẹ́ríkà bí ó ti fẹ́ balẹ̀ nínú kùrukùru. Ènìyàn 72 ni ó bá a lọ. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé àwọn awakọ̀ náà ń tàkúrọ̀sọ lórí òṣèlú àti ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò kan iṣẹ́ wọn títí ó fi kù díẹ̀. Ní ọdún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé bí ọkọ̀ bá ti wà ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10,000, àwọn awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan tí kò kan iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i dáadáa: òfin náà kò sọ pé kí wọ́n má ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn sàmì sí àsìkò tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ wọ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ń wọn oògùn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Mowe, tí ó bá ń wa bọ́ọ̀sì láti Ifo lọ sí Èkó, tàbí tí ó bá ń jó irin mọ́ ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000 ni ó wà.

ÀWỌN WO NI Ó Ń DÁ WA LỌ́WỌ́ DÚRÓ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí.

Èkíní ni àwọn ènìyàn: oníbàárà, aládùúgbò, ẹbí, ọ̀rẹ́, ọmọ kékeré nínú ilé. A óò padà sórí wọn.

Èkejì ni àwọn nǹkan. Iná mànàmáná wà níbẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ti máa ń hó ní àdúgbò bí iná bá dé lójijì. Ẹni tí ó ń gé aṣọ yóò sọ sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, yóò sáré lọ lọ aṣọ, nítorí kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún mú un lọ. Fóònù alágbèéká náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2001, ẹni tí ó wà ní Kánò lè wọ inú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ifo láìkan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta ni àwa fúnra wa, èyí sì ni ó ṣòro jù láti mú. Kò sí ẹni tí ó pè wá, fóònù kò dún, síbẹ̀ a ó nawọ́ gbé e láti wò ó. Ẹni tí ó ń gbé ní Mowe tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kì í pẹ́ jí. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ni ó yẹ kí ó mú ìrìn náà rọrùn, ṣùgbọ́n ilé pọ̀ sí i, ọkọ̀ pọ̀ sí i, àtúnṣe ńlá tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2013 sọ ọ̀pọ̀ wa di ẹni tí ó ń fi òwúrọ̀ jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tí ọ̀nà ti jẹ wákàtí rẹ̀ báyìí, kò ní wákàtí kankan tí yóò tún fi tọrẹ fún fóònù ní ọ́fíìsì.

Àwọn tí ó dàgbà ní agbègbè Ọ̀fàdà, tí kò jìnnà sí Mowe, lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Bí ìrẹsì bá ti ń yọ ọmọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lóko láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó máa lé ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ìrẹsì kì í wò pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni ó bà. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà fún ọ̀kan, agbo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ̀ránṣẹ́ kan tí a ní kí a kàn yẹ̀ wò lórí fóònù, ẹyẹ àkọ́kọ́ nìyẹn.

ÌKÍNI ÀTI ÀṢẸ ÌWỌLÉ

Ní ti àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà gba ọgbọ́n. Ọmọ Yorùbá kò lè sọ fún àgbà pé kí ó máa lọ. Mùsùlùmí kò sì lè kọ̀ láti dáhùn sálámà. Ṣé kí a wá máa ṣi aṣọ aláṣọ gé nítorí ọ̀wọ̀?

Ẹ wo ìkíni àwọn baba wa. Wọ́n ní àkànṣe ìkíni fún ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n ń kí ní "Àroko bọ́dún dé o." Aláró ni wọ́n ń kí ní "Àrẹ̀dú o." Onídìrí ni wọ́n ń kí ní "Ojú gbooro o." Ẹni tí ó kí wọn kò retí pé kí wọ́n gbé orí sókè. Ó kí, wọ́n dá a lóhùn lórí ìdúró tàbí ìjókòó wọn, ó kọjá, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti bu ọlá fún ènìyàn láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ni a sọ ìkíni di ìjókòó.

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé tilẹ̀ ti là á sílẹ̀ fún wa. Nínú Suratun-Nūr, láti aya 27 sí 28, a pa á láṣẹ fún wa pé kí a tọrọ àyè kí a tó wọ ilé onílé, àti pé bí onílé bá ní kí a padà, kí a padà. Ẹni tí a ní kí ó padà kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Nínú sura kan náà, aya 58, a dárúkọ àsìkò mẹ́ta lójúmọ́ tí àwọn ọmọ inú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ òbí wọn. Bí ọmọ inú ilé bá ní àsìkò tí kò lè ṣàdédé wọlé, ta ni ó sọ pé kò yẹ kí oníṣẹ́ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀?

Ìtàn kan tún wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Abu Musa al-Ash'ari, sàábé Ànábì, lọ sí ilé Umar nígbà tí Umar jẹ́ olórí gbogbo Mùsùlùmí. Ó tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iṣẹ́ ká Umar lọ́wọ́, kò sì dá a lóhùn. Abu Musa yí padà, ó lọ. Nígbà tí Umar bi í léèrè ìdí tí ó fi lọ, ó ní bí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wọn nìyẹn. Umar ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá, Abu Sa'id al-Khudri sì jẹ́rìí sí i. Umar kò bá a jà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kàràkátà inú ọjà ni kò jẹ́ kí òun gbọ́ ẹ̀kọ́ náà nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀ bí kò bá dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó wá kò sì rí i bí ìwọ̀sí, ó lọ ní àlàáfíà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ènìyàn lórí fóònù ní ìgbà mẹ́wàá léra wọn nítorí ọ̀rọ̀ tí ó lè dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ti Abu Musa kọ́gbọ́n.

ṢÉ ÌRUN KÌ Í ṢE ÌDÁLỌ́WỌ́DÚRÓ?

Ẹnì kan lè béèrè pé: ìrun Àyílà àti Àlàsárì tí a ń kí láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn kò dá wa lọ́wọ́ dúró ni?

Ìdáhùn wa ni pé ìdúró tí a ti mọ àsìkò rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jálù wá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ifo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin máa ń fọn fèrè kí ó tó kọjá. Ìpè ìrun ni fèrè tiwa. Àyè wà láàárín ìpè ìrun àti ìgbà tí a ó gbé ìrun dúró. Àyè yẹn tó láti gé ìlà tí ó wà lọ́wọ́ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, láti fi àmì síbẹ̀, kí a sì lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ sì wo Suratul Jumu'ah, aya 9 àti 10: a ní kí a fi òwò sílẹ̀ nígbà tí a bá pe ìrun Jímọ̀, lẹ́yìn náà a tún ní kí a túká, kí a máa wá nínú ọlá Ọlọ́hun. Ìfisílẹ̀ wà níbẹ̀, ìpadà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kírun tán tí ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó má sọ pé ìrun ni ó dá òun dúró.

Inú ìrun gan-an ni a tún ti rí ẹ̀kọ́ nípa ìpadà. Bí ọkàn ẹni tí ó ń kírun bá lọ, tí kò mọ̀ bóyá rakah mẹ́ta ni òun ti kí tàbí mẹ́rin, kí ni a kọ́ wa? Kí ó kọ́lé lé orí èyí tí ó dá a lójú, ìyẹn mẹ́ta. Kí ó kí èyí tí ó kù, kí ó sì ṣe ìforíkanlẹ̀ méjì ti ìgbàgbé. A kò ní kí ó ro ohun tí ó wù ú. Bí arábìnrin wa bá ti lo ìlànà yìí lórí tábìlì rẹ̀, kì bá má "rò pé" òun ti yí bébà padà. Èyí tí ó dá a lójú ni pé òun ti gé apá kan. Yíyí bébà padà kò dá a lójú, nítorí náà ó yẹ kí ó kà á sí ohun tí kò tíì ṣe, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Kí a fi àmì sílẹ̀ kí a tó gbé orí sókè. Èyí ni olórí ẹ̀kọ́ wa. Ní ọdún 2018, Sophie Leroy àti Theresa Glomb fi hàn pé ẹni tí a fẹ́ dá lọ́wọ́ dúró, bí ó bá lè tètè kọ ibi tí òun dé àti ohun tí ó kàn sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń kúrò lára iṣẹ́ náà dáadáa, kò sì ní máa fà á sẹ́yìn. Télọ̀ lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ "yí i padà" sára bébà. Ẹni tí ó ń ka owó lè kọ iye tí ó ti kà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fa ìlà sábẹ́ ibi tí ó kà dé. Bí kò bá sí ohun ìkọ̀wé, kí a fi ẹnu sọ ọ́ sókè: "Apá ọ̀tún ni ó kàn."

2. Kí a tọrọ àyè dípò kí a máa gbà á tìjà-tìjà. Bí àgbà bá wọlé, kí a kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí a sì sọ pé: "Ẹ káàbọ̀ mà, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, omi nìyí. Aṣọ aláṣọ ni mo ń gé lọ́wọ́, mi ò fẹ́ ṣì í gé. Ẹ jẹ́ kí n gé ìlà yìí tán, mo ń dá yín lóhùn." Ìyá tí ó bá gbọ́ èyí kò ní bínú. Ohun tí ó máa ń bí àgbà nínú ni kí a dá wọn lóhùn láìwo ojú wọn, kí a má sì sọ ìdí rẹ̀.

3. Kí a ya àsìkò kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí ó gba ọkàn. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, lẹ́yìn ìrun Àsùbá ni àdúgbò ti máa ń dákẹ́ jù. Ẹni tí ó ń gé aṣọ ní àárọ̀ tí ó sì ń gba àlejò ní ọ̀sán yóò rí ìyàtọ̀. Kí a sọ àsìkò náà fún àwọn oníbàárà, kí a má sì fúnra wa yẹ̀ ẹ́.

4. Kí a pa irú iṣẹ́ kan náà pọ̀ sí ojú kan. Bí gbogbo aṣọ tí a fẹ́ lọ̀ bá ti wà lójú kan, iná lè dé nígbàkígbà. A ó fi àmì sí èyí tí ó wà lọ́wọ́, a ó sì dìde.

5. Kí fóònù jìnnà sí ọwọ́ ní àsìkò iṣẹ́. Kí ó wà nínú àpò tàbí lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, kí a sì ní ìgbà tí a ń pe ènìyàn padà. Kí a sọ fún ìyá wa àti àwọn ará ilé pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti kánjúkánjú, kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì léra wọn.

6. Bí a bá padà dé, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dá wa lójú. Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí kò wọ̀n ni ó ń san owó aṣọ.

7. Kí àwa náà má ṣe jẹ́ ẹni tí ń dá ọmọnìkejì lọ́wọ́ dúró. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí a béèrè pé: "Ṣé àyè wà?" Bí ó bá ní ó di ìrọ̀lẹ́, kí ó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá tí ń pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú, kí ó má sọ pé ọmọ náà kò mọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ẹni tí ìṣòro gidi lé wá. Ìyá tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kò lè ní wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é. Fún irú wọn, àmì ṣe pàtàkì ju ilẹ̀kùn títì lọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà lè dìde lọ bá ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, kò ní fi ìkanra gbé e.

ÌPARÍ

Arábìnrin wa ṣì ń ránṣọ ní Ibafo. Aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń yọjú béèrè nípa iná, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ṣọ́ọ̀kì kan ti wà létí tábìlì rẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ kí ó tó fi kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ìgbà náà, òun ti gbàgbé ibi tí òun dé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì kò gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó sì jẹ́ kí a lè jíṣẹ́ àmáánà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ẸGBẸ́

(i) Nínú iṣẹ́ tìrẹ, ìgbésẹ̀ wo ni ó wà ní "ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000," tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

(ii) Àmì wo ni o lè fi sílẹ̀ kí o tó gbé orí sókè? Ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó tì ọ́.

(iii) Báwo ni ẹ̀kọ́ inú Suratun-Nūr, aya 27 sí 28, ṣe kan bí a ti ń pe ara wa lórí fóònù?

(iv) Ta ni o dá lọ́wọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ yìí láìtọrọ àyè? Kí ni ìwọ yóò ṣe yàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀?